Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bá òun sáré lóru nínú igbó Western States, èmi ará Òyìngbò, báwo ni kí n ṣe múra?

Ọmọ Òyìngbò:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ ló gbé mi wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Sacramento, ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń forúkọ sílẹ̀ fún Western States, ìyẹn eré ọgọ́rùn-ún máìlì tí wọ́n ń sá gba orí òkè àti inú igbó ní Kalifóníà, tẹ́ẹ bá fi kìlómítà wò ó, ó tó 161. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń forúkọ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń gbà ò ju nǹkan bíi 369 lọ torí iye tí àwọn tó ń tọ́jú igbó yẹn gbà kó kọjá níbẹ̀ nìyẹn, nítorí náà ìbò ni wọ́n ń dì ní oṣù December, bí ẹni ń ṣẹ́ kèké, ẹni tí ìbò ò bá mú, tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nínú ìbò yẹn á di ìlọ́po méjì tó bá padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọdọọdún náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá eré gígùn míì parí kí wọ́n tó gba orúkọ ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ìbò mú un! Màmá wa jó yí pálọ̀ ká, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń jó lé lórí, wọ́n ṣáà gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ àwọn.

Ibi tọ́rọ̀ wá kàn mí rèé. Wọ́n ní tó bá ti dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Foresthill, ní máìlì 62, wọ́n gba ẹni tó ń sáré láyè kó mú ẹnì kan tó máa bá a sá èyí tó kù, pacer ni wọ́n ń pè é. Èmi ló ní òun fẹ́. Máìlì 38 ló kù láti ibẹ̀ dé Auburn tí eré ti ń parí, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 61, òun fúnra ẹ̀ sì ti ṣírò ẹ̀ pé òun á dé Foresthill ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìyẹn ni pé gbogbo òru la máa fi wà nínú igbó. Físà wà lọ́wọ́ mi, ìparí oṣù June ni eré náà.

Èmi ti sá máráthọ́ọ̀nù Èkó lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti fi wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú sá a rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni gbogbo eré mi, láti Òyìngbò dé Yábàá, kí n yí po ní Unilag kí n padà sílé, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí sítédíọ̀mù Súrùlérè. Mi ò sáré nínú igbó rí láyé mi, mi ò sáré lóru níbi tí kò síná títì rí. Níbo lèèyàn ti ń rí òkè ní Èkó yìí? Kí sì ni iṣẹ́ pacer gan-an? Mi ò fẹ́ kí èmi tí mo lọ ran èèyàn lọ́wọ́ wá di ẹrù sí i lọ́rùn láàárín òru.

Kọ́ọ̀ṣì Súrùlérè:

Àbúrò, ẹ kú oríire o, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín dáadáa, ìbò yẹn ò rọrùn rárá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òkè yẹn torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti máa ń ṣìnà. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé ó ń lọ sáré lórí òkè á máa wá ibi tó máa gùn, òkè gígùn ò kúkú pa ẹnikẹ́ni, tó bá rẹ̀ yín ẹ ó rìn, kò tán ni? Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe. Eré yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkè tí wọ́n ń gùn nínú ẹ̀ tó nǹkan bíi 5,500 mítà, sísọ̀kalẹ̀ inú ẹ̀ sì tó 7,000 mítà, torí orí òkè gíga ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n wá ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Auburn. Àti pé láti Foresthill tí ẹ̀yin ti máa bẹ̀rẹ̀ yẹn dé etí odò tẹ́ẹ máa sọdá, máìlì 16 ni, ìsọ̀kalẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan iwájú itan yín ló ń dá gbogbo ara yín dúró kẹ́ ẹ má bàa ṣubú síwájú, ó ń nà, ó sì tún ń fà á padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń fà á ya wẹ́wẹ́ nínú. Ọjọ́ kejì ẹ ò ní lè jókòó sórí ṣáláńgá láìdi ògiri mú. Ṣùgbọ́n iṣan gbọ́n o, tẹ́ẹ bá ti fìyà yẹn jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ìgbà kẹta á ti mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà kì í ṣe okun lẹ ń wá, ẹ̀ ń kọ́ ẹsẹ̀ yín ní nǹkan kan tí kò tíì rí rí ni.

Ibi tẹ́ẹ ti máa kọ́ ọ pọ̀ ní Èkó. Àtẹ̀gùn sítédíọ̀mù wà níbẹ̀, ẹ rọra rìn gòkè, kẹ́ ẹ wá sáré sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe òdìkejì ẹ̀ táwọn èèyàn máa ń ṣe o. Bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń sọdá títì náà dáa, ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn tó ń ta ọjà tó gba orí ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gogoro kan ní Marina, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín bá àwọn ṣèkúríìtì sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ lè máa lo àtẹ̀gùn wọn ní ọjọ́ Sunday tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ẹ gun ẹ̀rọ lífítì lọ sókè, ẹ fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Bíríìjì Lekki sí Ikòyí táwọn èèyàn fẹ́ràn yẹn, ó dáa fún afẹ́fẹ́ àti fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ kéré jù. Ẹ wá wíkẹ́ńdì kan ní oṣù May kẹ́ ẹ lọ Ìdánrè, àtẹ̀gùn orí òkè yẹn lé ní ẹgbẹ̀ta, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ gbéra, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi.

Ìyá Kẹ́hìndé, Ṣómólú:

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi ń já. Ẹ má bínú o, èmi kì í sáré, ọmọ mi ló fi hàn mí. Obìnrin nínú igbó láàárín òru, tí ejò wà níbẹ̀, tí ẹranko wà níbẹ̀, kí ló fẹ́ lọ mú? Ṣé owó ni wọ́n ń fún wọn? Ẹ ti bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè?

Ọmọ Òyìngbò:

Ẹ ṣé mà, ẹ ò jẹ̀bi rárá, èmi náà bi í. Kò sówó kankan níbẹ̀ mà. Ohun tí wọ́n máa fún un ni ìdè bẹ́líìtì, ẹni tó bá sá a kí wákàtí 24 tó pé, ti fàdákà ni wọ́n máa fún un, ẹni tó bá kọjá ìyẹn ṣùgbọ́n tó wọlé kí wákàtí 30 tó pé, tiẹ̀ jẹ́ bàbà. Aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ Sunday ló parí, ẹni tó bá dé ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ òfo ni.

Ẹṣin ni wọ́n kúkú fi ń sá ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ mà, láti 1955, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹṣin lè rin ọgọ́rùn-ún máìlì ní ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gordy Ainsleigh, ẹṣin ẹ̀ tiro lọ́dún kan kò lè bá a dópin, nígbà tó di 1974 ó ní kò burú, òun á fi ẹsẹ̀ òun sá a, ó tò sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin. Wọ́n rò pé ó máa kú. Wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 42 ló fi dé. Láti 1977 ni wọ́n ti sọ ọ́ di eré ẹlẹ́sẹ̀ gidi.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù, tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fídíò, ni ti màmá kan tó ń jẹ́ Gunhild Swanson ní 2015. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mà. Ó ti ń sá a láti ìdájí Sátidé di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ṣìnà díẹ̀ nínú igbó, àsìkò ti fẹ́ tán pátápátá, ẹ wá wo ọkùnrin tó gba ipò kìíní lọ́dún yẹn, Rob Krar, tó ti dé láti ọjọ́ Sátidé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ sílípáàsì, ó bá màmá yẹn sáré wọlé nínú sílípáàsì yẹn. Wákàtí 29, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 54. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ló kù! Gbogbo sítédíọ̀mù ń pariwo. Mo wò ó nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí òun fẹ́ lọ mú nìyẹn.

Ìyá Kẹ́hìndé, Ṣómólú:

Ẹni àádọ́rin ọdún kẹ̀! Èmi tí mo jẹ́ 58. Ó dáa, Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Ẹ sáà mú tọ́ọ̀ṣì méjì dání.

Nọ́ọ̀sì tó ń sáré:

Èmi fẹ́ mú ti omi torí kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù jù nínú eré gígùn. Àwa ará Èkó, tóoru bá ti mú, ohun àkọ́kọ́ tá a mọ̀ ni píọ̀ wọ́tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún kan èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gbéra láti Ìkẹjà, a ń sáré lọ sí CMS, oṣù March ni, oòrùn yẹn ò ṣeé sọ. Gbogbo ibi tá a bá ti dúró ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé mu omi, mu omi, mo sì ń mu ún, ọ̀rá kan lé ọ̀rá kan, mi ò fi nǹkan kan jẹ mọ́ ọn. Nígbà tá a dé Èbúté Mẹ́ta orí ti ń fọ́ mi, mo wo ìka mi, ó ti wú débi pé òrùka ò lè yí mọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe? Wọ́n tún já píọ̀ wọ́tà méjì fún mi. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbà á, mo mu ún, torí orí mi ò pé mọ́ nígbà yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan nínú wọn tó dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló ti dín kù. Òógùn ń kó iyọ̀ jáde lára, omi lásán lèèyàn sì ń dà padà, omi á wá pọ̀ ju iyọ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀, omi á máa wọ inú àwọn ibi tí kò yẹ kó wọ̀, títí kan ọpọlọ. Ó lè pa èèyàn. Nítorí náà ẹ ń mu omi nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ fi oúnjẹ tó níyọ̀ sí i, ọ̀dùnkún sísè tí wọ́n ti iyọ̀ bọ̀, ọbẹ̀ omi ẹran, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pín níbi tí wọ́n ti ń dúró nínú eré yẹn. Láyé ìgbà kan wọ́n tiẹ̀ máa ń gbé àwọn tó ń sáré sórí òṣùwọ̀n lójú ọ̀nà láti wò ó bóyá ara wọn ń fúyẹ́ jù tàbí ó ń wúwo jù. Ẹni tó ń sáré tó wá ń tẹ̀wọ̀n sí i, omi ti pọ̀ jù lára ẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí pacer ni kẹ́ ẹ máa wo ìka ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bi í ní ìbéèrè kéékèèké, orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀, ọjọ́ wo la wà. Bí ìdáhùn ẹ̀ ò bá bọ́ sójú ọ̀nà mọ́, tó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, ẹ má fún un lómi o, ẹ pe dókítà tó bá wà nítòsí. Àti àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, ó ń ba kíndìnrín jẹ́ nígbà tí ara bá ti gbẹ báyẹn.

Àkànní Ìta Fájì:

Ọmọ Òyìngbò, mo ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe yẹn rí, fún ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Mo gbé gbogbo ọkàn mi lé eré sísá kí n tó lọ, ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé eré ò pọ̀ nínú ẹ̀. Ìrìn ló pọ̀. Ẹni tó ti sá máìlì 62, tó ti la àwọn àfonífojì tí oòrùn ti ń sun èèyàn kọjá lọ́sàn-án, kì í sáré mọ́ lóru, ó ń rìn, ó ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ le ni kẹ́ ẹ bá a rìn fún wákàtí méjìlá. Nítorí náà ẹ máa rìn kíákíá ní Èkó náà, ìrìn gidi, ẹ fẹsẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ ka òfin wọn o. Ẹ ò gbọdọ̀ bá a gbé omi tàbí báàgì ẹ̀, kó gbé e fúnra ẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fà á, ẹ ò gbọdọ̀ tì í. Ní 2006, ọkùnrin tó ń jẹ́ Brian Morrison ló wà níwájú gbogbo wọn, ó ti wọ pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń parí eré ní Auburn, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mítà ló kù, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn pacer ẹ̀ ò lè wò ó níran, wọ́n gbé e dìde, wọ́n dì í mú débi òpin. Ẹ sì mọ ẹni tó wà nínú wọn, Scott Jurek, ẹni tó ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀méje tẹ̀lé ara wọn láti 1999 sí 2005, tó mọ òfin ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n fagi lé eré Morrison. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹnì kan ò ní í bú wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn.

Iṣẹ́ yín kejì ni ojú ọ̀nà. Jim Walmsley ní 2016, ó ń sá a lọ bí ẹni pé ó máa fọ́ gbogbo ìtàn, ní nǹkan bíi máìlì 93 ó kọjá ibi tó yẹ kó yà, nígbà tó fi máa mọ̀ ó ti jìnnà. Ipò ogún ló padà gbà. Ó padà wá lẹ́yìn náà o, ní 2019 ó fi wákàtí 14, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 28 sá a. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ ni pé bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín tí oorun ń kùn nílò ẹni tí ojú ẹ̀ là. Àmì tí wọ́n so mọ́ igi, ẹ máa kà á sókè sétí ẹ̀. Tẹ́ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́ẹ ò rí ọ̀kan, ẹ padà.

Odò náà wà ní máìlì 78, Rucky Chucky ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ta okùn nínú omi láti etí kan dé èkejì, àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn dúró sínú omi yẹn láàárín òru, wọ́n tan iná, wọ́n ń sọ fún yín pé òkúta ńlá wà lápá ọ̀tún, fẹsẹ̀ síbí, fẹsẹ̀ sọ́hùn-ún. Lọ́dún tí omi bá kún jù, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé èèyàn. Omi yẹn tutù débi pé ọ̀rẹ́ mi kígbe orúkọ ìyá ẹ̀. Ẹ mú súẹ́tà dání, ẹ̀yin ará Èkó, torí lẹ́yìn odò, òkè ni, aṣọ yín ti rin, òtútù òwúrọ̀ á wá bá yín níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Lẹ́yìn odò yẹn ni ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí igi kan tó wó. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo ní rántí àwọn ọmọ ẹ, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo pa tọ́ọ̀ṣì mi kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ta sí i lójú, mo dúró síwájú ẹ̀ nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tó ti wá, mo ṣáà gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé Ìyẹ̀rú ọ̀kín, ọmọ Olófà mojò. Ará Ọ̀fà ni bàbá ẹ̀. Mo ń kì í bí ìyá àgbà ẹ̀ ṣe máa ń kì í láàárọ̀ nígbà tá a wà ní kékeré, èyí tí mo gbàgbé mo fò ó. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó fi ìmú fà, ó dìde. Mo ń kì í lọ títí tá a fi gun òkè yẹn tán, ará Amẹ́ríkà kan tó wà lẹ́yìn wa ní kí n jọ̀ọ́ kí n má dákẹ́.

Ẹ mọ oríkì ẹ̀gbọ́n yín dáadáa? Kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ nìkan o, tilé bàbá yín pátápátá.

Ọmọ Òyìngbò:

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo ka ibi igi tó wó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ká sòótọ́ mi ò mọ̀ ọ́n, Àjọkẹ́ nìkan ni mo mọ̀, ìlà kan tàbí méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Mo wọ yàrá Màmá lánàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi kì í tán, mo gbà á sórí fóònù, níbi tí wọ́n dé orúkọ bàbá wa ohùn wọn yí padà, wọ́n dúró, wọ́n tún ń bá a lọ. Wọ́n ní kí n wá ka ìlà mẹ́rin fún àwọn ní alaalẹ́ títí màá fi lọ, tí mo bá ṣì í, mo máa tún un kà látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé, mo ti kọ ti ìka wíwú yẹn sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà torí òun ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀ ní ọ̀sán. Kọ́ọ̀ṣì, mo lo bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí, ogún ìgbà, òtítọ́ lẹ sọ, itan mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀wé yìí. Ṣé ẹ máa wà ní sítédíọ̀mù ní Sátidé?

Kọ́ọ̀ṣì Súrùlérè:

Mo máa wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni kẹ́ ẹ dé, kí ilẹ̀ ṣì ṣú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì orí yẹn wá, ká wò ó bóyá bátìrì ẹ̀ lè tó wákàtí méjìlá.